Lẹ́tà sí Olóòtú: Ẹ wo EGR àti asẹ́ màjàlà ọkọ̀ yín kí ẹ tó gba sọ́fúwíà tuntun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Awuyewuye tó ń lọ láàárín àwọn òǹkàwé yín méjì ló mú wa kọ̀wé yìí, lórí lẹ́tà tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ Volkswagen ń kọ sí àwọn tó ní ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé kí wọ́n mú ọkọ̀ wá kí wọ́n fi sọ́fúwíà tuntun tó ń darí èéfín sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan ní kí ẹnikẹ́ni má gbà kí wọ́n fi sọ́fúwíà tuntun sínú ọkọ̀ rẹ̀ láéláé. Èkejì ní dandan ni, pé ọkọ̀ tí wọn ò bá tíì ṣe kò ní yege MOT, ìdánwò ọdọọdún tí ọkọ̀ ń ṣe ní Britain. Irọ́ ni ti èkejì. Ti àkọ́kọ́ lè jẹ́ ìmọ̀ràn gidi fún Golf kan, kó sì ba nǹkan jẹ́ fún Golf mìíràn tí wọ́n jọ kúrò ní fáktírì lọ́jọ́ kan náà. Iṣẹ́ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì là ń ṣe ní gúúsù Lọ́ńdọ̀n, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń wa Passat, Octavia àti A4 sì pọ̀ lára oníbàárà wa. Ohun tá a máa ń sọ fún wọn ni pé ipò tí EGR (fáàfù tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnì) àti asẹ́ màjàlà (asẹ́ tó ń gba màjàlà inú èéfín dúró) wà, pẹ̀lú irú ìrìn tí ọkọ̀ náà ń rìn lójoojúmọ́, ni kí wọ́n fi pinnu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ tún ṣe. Lọ́jọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, EPA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Amẹ́ríkà, kéde pé Volkswagen ki sọ́fúwíà ẹ̀tàn sínú brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì) àwọn ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn olùwádìí Yunifásítì West Virginia ti so ẹ̀rọ mọ́ ìdí sálẹ́ńsà Jetta kan àti Passat kan, wọ́n wà wọ́n lójú títì, wọ́n sì rí i pé èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ju èyí tí òfin fàyè gbà lọ fíìfíì. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ lọ̀rọ̀ náà kàn káàkiri ayé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 1.2 tó wà ní Britain nìkan. EA189 ni wọ́n ń pe ẹ́ńjìnì náà, 1.2, 1.6 àti 2.0 TDI ló sì wà nínú rẹ̀, lára Volkswagen, Audi, Škoda àti SEAT, títí kan ọkọ̀ akẹ́rù kékeré bíi Caddy. Euro 5, ipele kan nínú òfin èéfín ọkọ̀ ní Yúróòpù, ni àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dá padà wá nílẹ̀ Yúróòpù.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá kò le. Inú yàrá ni wọ́n ti máa ń dán ọkọ̀ wò láyé ìgbà yẹn, lórí rólà, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Bí ìyára ọkọ̀ ṣe máa ròkè, tó máa wálẹ̀, kì í yí padà, torí pé inú ìwé ni wọ́n ti là á sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sì í yí sítíárì lórí rólà. Bí brain box bá ti rí i pé ìrìn ọkọ̀ ń tẹ̀ lé àtẹ yẹn, á ṣí EGR dáadáa kí èéfín lè mọ́. Bí ọkọ̀ bá bọ́ sójú títì, á dín EGR kù, NOx, gáàsì tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, á sì máa tú jáde.

EGR ni fáàfù tó ń gba díẹ̀ nínú èéfín, tó ń dá a padà síbi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́ símú. Ọ́síjìn inú èéfín yẹn ti kéré, nítorí náà iná inú sìlíńdà kò ní gbóná débi tí NOx á fi pọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí NOx ti ń dín kù ni màjàlà ń pọ̀ sí i. Màjàlà yẹn á dàpọ̀ mọ́ ìkùukùu ọ́ìlì tó ń bọ̀ láti inú ẹ́ńjìnì, á di ẹrẹ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ara páìpù, mọ́ fáàfù EGR àti mọ́ kúlà tó ń tu èéfín náà lójú. Èyí tí kò bá dúró níbẹ̀ á lọ kún inú asẹ́ màjàlà, ìyẹn DPF.

Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ẹ mú ọkọ̀ wá fún kò pẹ́. Sọ́fúwíà nìkan ni ti 1.2 àti 2.0, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ti 1.6 ní ohun kan lé e: páìpù oníke kan tí ojú rẹ̀ dà bí àwọ̀n, tí wọ́n ń fi síwájú sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, kí afẹ́fẹ́ má bàa máa yí gbirigbiri kọjá ibẹ̀, kí sẹ́ńsọ̀ lè wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Ìyẹn náà kì í gbà tó wákàtí kan. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà méjì tí brain box ń gbà ṣiṣẹ́ á di ẹyọ kan: EGR á máa ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lójú títì, bí nọ́sù (injector) ṣe ń fọ́n epo náà á sì yí padà.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. EGR tó ti lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé ìlàjì ni wọ́n ń ṣí i látọjọ́ yìí, ni wọ́n wá sọ pé kó dìde ṣiṣẹ́ kíkún lójijì. Bí ẹrẹ̀ dúdú bá ti gbá a mú, kò ní lè ṣí, kò ní lè padé bó ṣe yẹ. Ọkọ̀ á máa fà tìkọ̀ láàárín 1,200 sí 1,800 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), á máa gbọ̀n nígbà tó bá dúró, iná plọ́ọ̀gì tó rí bíi sípíríńgì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù á máa ṣẹ́jú, agbára ẹ́ńjìnì á sì lọ sílẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé "sọ́fúwíà ló ba ọkọ̀ mi jẹ́" kò parọ́, àwọn tó ń dá wọn lóhùn pé "EGR rẹ ti fẹ́ kú tẹ́lẹ̀" náà kò parọ́. Lójú tiwa, ẹni tó gbé iṣẹ́ tuntun lé ẹ̀yà tó ti rẹ̀ lórí láìyẹ̀ ẹ́ wò ló jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ò gbọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2020, Adájọ́ Waksman ti ilé ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀n dájọ́ pé sọ́fúwíà àkọ́kọ́ yẹn jẹ́ irinṣẹ́ ẹ̀tàn lábẹ́ òfin. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Volkswagen gbà láti san £193 mílíọ̀nù fún nǹkan bí 91,000 ènìyàn tó pè é lẹ́jọ́ ní England àti Wales, láìgbà pé òun jẹ̀bi. Ẹni tí kò sí nínú ẹjọ́ yẹn kò lè rò pé àtúnṣe ọ̀fẹ́ yìí á mú owó wá fóun.

Èyí tó kàn wá jù wáyé ní oṣù méjì lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ Àpapọ̀ Yúróòpù ṣàyẹ̀wò sọ́fúwíà tuntun tí wọ́n ń fi ṣe àtúnṣe fúnra rẹ̀. Wọ́n rí i pé ìgbà tí afẹ́fẹ́ ìta bá wà láàárín 15 sí 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius nìkan ni EGR ń ṣiṣẹ́ kíkún, kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀ bí ọkọ̀ bá gun ibi tó ga ju 1,000 mítà lọ. Ilé ẹjọ́ ní èyí náà jẹ́ irinṣẹ́ ẹ̀tàn tí òfin kà léèwọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kan ní Schleswig ní Jámánì dá a pé kò yẹ kí KBA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọkọ̀ níbẹ̀, fọwọ́ sí i fún Golf Plus. Oògùn tí wọ́n gbé wá náà ń fẹ́ oògùn. Ẹ wá wo ojú ọjọ́ Britain: oṣù mélòó nínú ọdún la ń rí 15? Èyí túmọ̀ sí pé nígbà òtútù, ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọn kò tíì ṣe bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, nígbà tí oòrùn bá yọ, ni kí ẹni tó ti gbà á máa fojú sí asẹ́ màjàlà rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ ká tìtorí ẹjọ́ sọ pé àtúnṣe náà kò wúlò. Òfin Euro 5 gba 180 milligram NOx láyè fún kìlómítà kan. Nígbà tí ìjọba Britain dán oríṣiríṣi ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì Euro 5 wò lójú títì ní 2016, ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n rí jẹ́ 1,135. Kì í ṣe Volkswagen nìkan, àfi pé Volkswagen nìkan ni wọ́n rí sọ́fúwíà tó ń mọ ìdánwò nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Àwa tá à ń gbé Lewisham, Peckham, Woolwich la sì ń mí i símú. Ẹgbẹ́ àwọn ọkọ̀ ní Austrálíà dán ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ yìí wò ní 2017, ṣáájú àtúnṣe àti lẹ́yìn rẹ̀: NOx dín kù, ṣùgbọ́n ó ṣì tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin òṣùwọ̀n, epo tó ń jẹ sì fi tó ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ròkè lójú ọ̀nà márosẹ̀. Lewisham ni Ella Adoo-Kissi-Debrah gbé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó kú ní 2013 nítòsí South Circular, tí ọ̀gá tó ń wádìí ikú sì dá a ní oṣù kejìlá ọdún 2020 pé afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin wà lára ohun tó pa á. Bí ọkọ̀ yín bá lè gba àtúnṣe yìí láìkú, ẹ ò ní jẹ̀bi tí ẹ bá gbà á nítorí ọmọ aládùúgbò.

Ohun kan tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni ULEZ, agbègbè Lọ́ńdọ̀n tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ kò mọ́ tó ti ń sanwó. Àtúnṣe yìí kì í sọ Euro 5 di Euro 6. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023, gbogbo Lọ́ńdọ̀n ni ULEZ dé, ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tí kò bá dé Euro 6 sì ń san £12.50 lóòjọ́, yálà ẹ ti ṣe é tàbí ẹ kò ṣe é. Birmingham ń gba £8, Bristol ń gba £9. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ yìí lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀n lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀ ń san £62.50, ìyẹn lé ní £3,000 lọ́dún. Owó yẹn ju iye tí ẹlòmíì lè rí ta Passat 2011 rẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ yín bá ti dà báyìí, ẹ yéé da ara yín láàmú lórí sọ́fúwíà. Ọkọ̀ mìíràn lẹ nílò.

Ní ti MOT, èéfín dúdú ni wọ́n ń wọ̀n nínú dísẹ́ẹ̀lì, wọn kì í wọn NOx. Ohun tó lè já ọkọ̀ yín láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni iná check engine tó ń tàn, èéfín tó hàn sójú láti inú ọkọ̀ tó ní asẹ́ màjàlà, tàbí asẹ́ tí wọ́n ti gbẹ́ inú rẹ̀ jáde. Britain kò fi dandan lé àtúnṣe yìí. Jámánì ló fi dandan lé e. Níbẹ̀, wọ́n lè gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ̀.

Bí ẹ bá ṣì ń rò ó, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣe é fún ẹni tó ni ọkọ̀ náà kí ẹ tó rà á. Ọ̀pọ̀ ló ń jà lórí ohun tó ti parí. Ẹ wo nọ́ńbà ṣáṣí (VIN), oní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, tó wà níwájú lẹ́tà E lórí V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, ó tún wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sójú ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, tàbí kí ẹ pe oníṣòwò wọn kó bá yín wò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì tó ní VCDS tàbí OBDeleven, ẹ̀rọ tó ń ka inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ Volkswagen dáadáa. Ẹ̀rọ kékeré £15 tó ń ka kóòdù nìkan kò tó. Kóòdù tá a máa ń wá ni P0401, pé èéfín tó ń gba EGR kọjá kéré. P2015, mọ́tò kékeré lára ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, àrùn tó wọ́pọ̀ lára 2.0 wọ̀nyí, P0299, pé turbo kò fẹ́ tó, àti P2002 tàbí P2463, tó ń sọ̀rọ̀ nípa asẹ́ màjàlà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà níbẹ̀, ẹ má tíì gbé ọkọ̀ lọ. Ẹ tún ìyẹn ṣe ná.

Kí mẹkáníìkì náà ka asẹ́ fún yín: ìwọ̀n màjàlà, ìwọ̀n eérú, àti ibi tí ọkọ̀ ti rìn dé látìgbà tó ti sun màjàlà kẹ́yìn. Màjàlà ṣeé sun, eérú kò ṣeé sun. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni eérú ti ń wá, ìdí nìyẹn tí Volkswagen fi sọ pé ọ́ìlì tó ní nọ́ńbà 507.00 ni kí ẹ lò, 5W-30. Ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú tí kò ní nọ́ńbà yẹn ló ń pa asẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí eérú bá ti fẹ́ kún, ibi tí màjàlà lè jókòó sí ti kéré. Àfikún màjàlà tí sọ́fúwíà tuntun máa mú wá á jẹ́ kí ọkọ̀ máa sun ún lemọ́lemọ́. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àwa kì í gba ẹni tó ni ín nímọ̀ràn pé kó gba àtúnṣe.

Ẹ tún ní kí ó ka ooru omi rédíétọ̀ látinú brain box lẹ́yìn ìrìn bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé abẹ́rẹ́ tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ti Volkswagen máa ń dúró sórí 90 ṣinṣin bí omi bá tilẹ̀ wà ní 76, bó bá sì wà ní 104, ibẹ̀ náà ló máa wà. Tẹmọ́sítàtì tó ti ṣí sílẹ̀ tí kò padé mọ́ kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná tó, ẹ́ńjìnì tí kò gbóná tó kì í sun màjàlà bó ṣe yẹ, awakọ̀ á sì máa bú sọ́fúwíà. Tẹmọ́sítàtì kì í wọ́n. Asẹ́ tuntun ló wọ́n.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tú páìpù tó ń bọ̀ láti ìntákúlà (ẹ̀rọ tó ń tu afẹ́fẹ́ turbo lójú) ní ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Bí dúdú ibẹ̀ bá jẹ́ fẹ́lẹ́ tí ìka lè nù ún kúrò, kò burú. Bó bá ti nípọn, tó ti dín ẹnu ihò náà kù, ẹ mọ̀ pé bí fáàfù EGR ṣe rí nìyẹn tàbí kó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fífọ ibẹ̀ ṣeé ṣe. Pípààrọ̀ EGR pẹ̀lú kúlà rẹ̀ ló ń dun àpò, nítorí pé lára ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì ló sá pamọ́ sí, láàárín ẹ́ńjìnì àti ògiri irin tó pààlà rẹ̀ mọ́ yàrá awakọ̀. Owó iṣẹ́ níbẹ̀ lè ju owó ẹ̀yà lọ. Ẹ fi gègé sàmì sí ibi tí omi dé nínú ike rédíétọ̀ kí ẹ sì wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Omi tó ń dín tí kò sì kán sílẹ̀ níbì kankan, tí èéfín funfun sì ń tẹ̀ lé e láàárọ̀, kúlà EGR ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Bátìrì náà ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe kà á sí lọ. Brain box tí iná já mọ́ lẹ́nu nígbà tí wọ́n ń kọ sọ́fúwíà sí i lè má jí mọ́. Ẹ béèrè pé kí wọ́n so ṣájà mọ́ ọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ẹnì kan bá sì ti fi agbára kún ọkọ̀ yín tẹ́lẹ̀ nípa yíyí sọ́fúwíà padà, ẹ mọ̀ pé ti tuntun máa pa á rẹ́. Àwọn kan wà tó ń gbowó láti dá sọ́fúwíà àtijọ́ padà lẹ́yìn àtúnṣe. Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kì í dá a padà, bí ẹ bá sì lọ ṣe é níta láìsọ fún àwọn onínṣọ́ránsì yín, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ ìjàǹbá.

Ká tó lọ jìnnà, ìwé ìlérí kan wà tí wọ́n ń pè ní Trust Building Measure. Volkswagen ló gbé e kalẹ̀ nílẹ̀ Yúróòpù: láàárín oṣù 24 lẹ́yìn àtúnṣe, bí ọkọ̀ kò bá tíì rìn ju 160,000 máìlì lọ, wọn á wo ẹ̀sùn tí ẹ bá mú wá lórí àwọn ẹ̀yà kan, bí fáàfù EGR, kúlà rẹ̀, nọ́sù àti àwọn sẹ́ńsọ̀ èéfín. Ẹ má ṣe gba ti ẹnu. Kí oníṣòwò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kan ọkọ̀ yín, kó kọ nọ́ńbà ọkọ̀, ọjọ́ àtúnṣe àti máìlì sí i, kí ọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Bó bá lọ́ tìkọ̀ láti kọ ọ́, ìdáhùn yín ti dé nìyẹn.

Èwo wá ni ká ṣe? Ẹni tó ń gba M1 tàbí M25 lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀, tí kóòdù kankan kò sí, tí asẹ́ ṣì ní àyè, tí ìwé ìlérí sì wà lọ́wọ́, kó gbà á. Ìrìn gígùn á máa sun màjàlà, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú nílé àgbàlagbà, tí wọ́n ń rin máìlì méjì, tí wọ́n ń paná, tí wọ́n tún ń tanná lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti àárọ̀ títí di alẹ́, ni àánú wọn ṣe wá jù. Ẹ́ńjìnì wọn kì í gbóná dé ibi tó yẹ, asẹ́ wọn sì ti ń tiraka kí sọ́fúwíà tó dé. Bí wọn ò bá lè yí ìrìn wọn padà, kí wọ́n fi í sílẹ̀, òfin Britain kò ní mú wọn. Ẹni tó ti ní P0401 tí kò sì lówó EGR lọ́wọ́, kó dúró. Ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ dí owó ọkọ̀ tuntun lọ́dọ̀ oníṣòwò Volkswagen kò nílò kó ṣe é fúnra rẹ̀, àwọn ni yóò rí sí i.

Bí ẹ bá gbà á, ẹ kún táńkì dẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta ṣáájú, ẹ kọ máìlì àti lítà sílẹ̀, kí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn rẹ̀, lójú ọ̀nà kan náà. Ohun tí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù bá sọ nípa epo kò tó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ kọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń sọ pé òun ń sun màjàlà: ìyípo ẹ́ńjìnì rẹ̀ nígbà tó bá dúró á lọ sókè sí nǹkan bí 1,000 rpm, stop-start kò ní pa á nígbà iná pupa, fáànù á máa fẹ́ lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ má ṣe paná nígbà yẹn bí ẹ bá lè ṣe é. Epo tó fi ń mú asẹ́ gbóná, apá kan rẹ̀ á ṣàn lọ sínú ọ́ìlì bí ẹ bá ń já a lẹ́nu lemọ́lemọ́. Ọ́ìlì tó ń ga sí i lójú igi òṣùwọ̀n láìjẹ́ pé ẹnì kan bu kún un, dísẹ́ẹ̀lì ló wọ̀ ọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíá. Bí iná asẹ́ bá tàn, ẹ wá ojú ọ̀nà tó já gaara, ẹ sáré ju 40 máìlì ní wákàtí, gíà kẹrin tàbí ìkarùn-ún, nǹkan bí 2,000 rpm, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iná náà kò bá kú, ẹ má wà á ká mọ́.

Àìsàn tó bá yọjú lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ya fọ́tò iná náà pẹ̀lú máìlì, ẹ kọ lẹ́tà sí oníṣòwò lọ́jọ́ kan náà. Kí wọ́n sikáànì rẹ̀, kí wọ́n fún yín ní ìwé èsì. Bí wọ́n bá ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sanwó EGR láàárín oṣù 24 yẹn, The Motor Ombudsman máa ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí àwọn oníṣòwò tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, láìgbowó lọ́wọ́ ẹlẹ́jọ́. Àbájáde ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ti ṣe ṣáájú àtúnṣe ló máa gbà yín sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti Houston tàbí Atlanta, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀tọ̀ ni ti Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tó ní 2.0 TDI mú ọ̀kan: kí Volkswagen ra ọkọ̀ padà, tàbí kó gba àtúnṣe, owó sì wà nínú méjèèjì, láti $5,100 lọ sókè. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ wọn ní asẹ́ NOx tàbí táńkì AdBlue (omi tó ń dín NOx kù) tí EA189 wa níbí kò ní, àtúnṣe wọn sì kan pípààrọ̀ irin fún àwọn kan.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí ní tòkunbọ̀ láti Jámánì, tó gba Cotonou wá sílé, kó gbà pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣe é, torí pé dandan ni lọ́hùn-ún. Dísẹ́ẹ̀lì Yúróòpù kò gbọdọ̀ ní ju 10 nínú mílíọ̀nù (10 ppm) sọ́fọ̀ (sulphur) lọ. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìṣirò asẹ́ yẹn. Dísẹ́ẹ̀lì tí sọ́fọ̀ rẹ̀ pọ̀, gósìló Ìbàdàn àti ọkọ̀ tí EGR rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kíkún nínú ooru wa kì í bára wọn dọ́rẹ̀ẹ́. Kó ra èyí tó ń lo pẹtiróòlù.

Fún àwọn tó bá pinnu pé àwọn kò fẹ́: ìgbà tí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ fún sáfíìsì lásán ni kí ẹ ṣọ́ra jù, nítorí àwọn gáréèjì kan máa ń rí i lójú kọ̀ǹpútà pé ọkọ̀ náà ṣì ń retí àtúnṣe, wọ́n á sì ṣe é mọ́ ọn láìbéèrè. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé iṣẹ́ fúnra yín pé kí wọ́n má fi sọ́fúwíà kankan sí i láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì gba ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Àwa ni,
Àwọn mẹkáníìkì dísẹ́ẹ̀lì kan,
Gúúsù Lọ́ńdọ̀n